Omi Aró Tí Ó Mọ́ Jù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí Nimotallahi jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láti ọmọ ìka dé ìgúnpá, aró ti mu ún débi pé ọṣẹ kankan kò ràn án mọ́. Ṣakí ni wọ́n bí i sí. Ọkọ ló bá wá sí Agbowó. Ọkọ kú, ó wá ku òun, Safiyyah ọmọ rẹ̀, àti ìkòkò aró lẹ́yìn ilé Bàbá Ajíbóyè, onílé wa. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri kan péré ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá mi jiyàn.

Omi aró tó bá ti lò tán ló kó o sí wàhálà. Gọ́tà ló ń dà á sí, gọ́tà sì gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Lọ́dún 1996, omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àwọ̀ búlúù. Bàbá Ajíbóyè, díákónì ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn pè é síta.

"Ìyá Safiyyah, bí oṣù yìí bá parí tí omi dúdú yìí ṣì ń ṣàn nílé mi, kó ẹrù rẹ."

Ta ni yóò gba aláró sílé ní Ìbàdàn? Ó wá ilé títí dé Apẹ̀tẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí ọwọ́ rẹ̀ báyìí, yàrá ti kún nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Sàlàkọ́ ti yọjú. Yàrá iwájú ló ń gbé, ìwádìí kẹ́míkà ló ń ṣe ní yunifásítì. Ó ní ìyẹ̀fun funfun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà ilé. Bí wọ́n bá dà á sómi ìdọ̀tí, tí ìmọ́lẹ̀ sì kàn án, á máa jẹ ìdọ̀tí náà. Àmọ́ iná pàtàkì kan ní láàbù ló ń lò, iná ọba kò sì sí. Ó wá fi irin díẹ̀ sí i, ó yan án nínú ààrò, ó pọ́n bíi gaàrí. Ó ní oòrùn lásán ti tó o wàyí.

"Màmá Safiyyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdọ̀tí yín."

Nimotallahi wá bi mí bóyá ara Sàlàkọ́ dá.

Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó bu omi la aró náà, ó dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó bu ìyẹ̀fun sí i, ó sá a sóòrùn, ó ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun ti rì sísàlẹ̀, omi mọ́ kedere. Nimotallahi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ti rílé gbé, àbí?

Ó sáré lọ pe Bàbá. Gbogbo ilé pé jọ. Bàbá wo omi náà títí.

"Níbo ni aró náà wà?"

"Oòrùn àti ìyẹ̀fun ti jẹ ẹ́, Bàbá," ni Sàlàkọ́ wí.

"Wọ́n jẹ ẹ́. Ó wá lọ síbo?"

Kí ló dé tí ọmọ yìí kò panu mọ́? Kò lè ṣe é. Ìwé tó kà kò jẹ́.

"Ó ti di afẹ́fẹ́, sà."

"Afẹ́fẹ́ inú ilé mi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irú èyí tí àwa náà ń mí síta."

Ìyàwó bàbá fi gèlè bomú. Ayálégbé kan ní ìdí tí òun fi ń húkọ́ láti àná nìyẹn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé abọ́ náà mu kí wọ́n lè rí i, àmọ́ mo ro ti ikùn mi.

Bàbá dájọ́. Kí Sàlàkọ́ kó ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò nílé àwọn kíákíá. Ní ti Ìyá Safiyyah, kó má kó lọ mọ́, ṣùgbọ́n kó máa da aró rẹ̀ sí gọ́tà bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí ìdọ̀tí tí àwọn ń fojú rí tẹ́ àwọn lọ́rùn.

"Wọ́n ní kí n máa dọ̀tí lọ," ló sọ fún mi. Kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó da omi aró sílẹ̀. Bàbá Ajíbóyè dúró létí kànga, wọ́n wò ó bó ṣe ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ wọn, dúdú kirimú. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti balẹ̀ wàyí. Wọ́n sì ní kí Safiyyah bá àwọn fa omi mímu.