Jẹ́nẹ́rà Orí Tábìlì

Bí àbúrò bàbá mi bá ń kun àwọn ọmọ ogun amọ̀ wọn lọ́dà, ahọ́n wọn a máa yọ síta bíi ti ajá tí oòrùn ń pa. Alásè ni wọ́n lójú ogun Bọ́mà, ṣùgbọ́n "Jẹ́nẹ́rà" ni oyè tí wọ́n fi ara wọn jẹ. Erùpẹ̀ ọ̀gán ni wọ́n fi mọ òkè sórí tábìlì tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣeré ogun nílé wa l'Ọ́fà. Gbogbo jagunjagun wọn ló ya ẹsẹ̀ bí oníjàkadì, wọn kì í ṣubú lórí òkè náà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rélùwéè kó àwọn ẹlẹ́ṣin onírin tirẹ̀ dé láti Èkó láti wá bá wọn figagbága. Ẹni tó bá ṣẹ́gun ni yóò máa jẹ́ Jẹ́nẹ́rà.

"Ẹni tó bá ṣubú ti kú o," ni àbúrò bàbá mi wí. Ọ̀gá gbà.

Bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe fẹsẹ̀ kan òkè, gbogbo wọn yí gbirigbiri lulẹ̀.

"Ìbọn ò tíì dún!" ni ọ̀gá pariwo.

"Ọ̀gá mi, Ọ̀fà, ìlú ìjàkadì, lẹ wà. Ẹ ṣa òkú yín," ni Jẹ́nẹ́rà dáhùn.