Ojú Ìwé Tí Kò Jẹ́ Kí Màámi Kí Èèyàn Tán

Òórùn òrí tí màámi fi ń pa orúnkún ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí nípa ìgbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù, kí n tó di oníròyìn. Ẹ̀yà ọkọ̀ ni wọ́n ń tà ní ọjà Abossey Okai, ní Accra. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, tí wọn kò lè wọ ọkọ̀ akérò tirotíro mọ́, wọ́n jókòó sílé wa ní Kotobabi, àbúrò wọn obìnrin ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n ta ọjà tó kù, kí òun mú wọn lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú baba wa. Màámi ní, "Sinmi kẹ̀? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Accra yìí ni wọ́n bí mi sí."

Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò sí wàhálà. Mo ṣe ojú ìwé kan sórí fóònù wọn: oníbàárà á pè wọ́n, wọ́n á kọ ohun tó fẹ́ sínú àpótí kan, ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá kọ àṣẹ kan tó ń ṣọ́ àpótí náà. Létà kọ̀ọ̀kan tí ìka bá tẹ̀, yóò wò ó bóyá orúkọ ọjà kankan bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀; bí kò bá rí i, àpótí á pọ́n, á kọ "Kò sí," á sì nu gbogbo rẹ̀ nù. Inú mi dùn sí i bí ẹni tó bímọ.

Àmọ́ "O kú ọjà o, àbúrò mi" ni màámi fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tíì dé ìdajì tí àpótí fi pọ́n. Wọ́n tún un kọ, ó tún pọ́n.

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti ń lé mi. Ta ló tọ́ eléyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ má kí i. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ló ń gbé e lọ, àbúrò mi ló máa kà á. Ṣé kí n máa pàṣẹ fún un bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni? Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi; ta ló ń na ìgbín lójú ọ̀nà?" Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi, kó wá mú àwọn lọ.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo tú àṣẹ yẹn. Mo ní kó dákẹ́ nígbà tí ìka bá ń rìn. Tí ìka bá sinmi díẹ̀ ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ ọjà láàárín ọ̀rọ̀, kó fa ìlà sí i nídìí, kó má sì nu ohunkóhun nù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ṣé ẹ ti di ẹrù?"

Wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè, ojú wọn kò kúrò lórí fóònù. "Jókòó, jẹ́ kí n kí àbúrò mi tán. Bíréèkì ni fítà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ń dúró dè."

Ó jókòó. Ó jókòó pẹ́.

Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù báyìí. Ohun tí mo rò nígbà yẹn ni pé ẹsẹ̀ màámi ni mò ń wá nǹkan rọ́pò. N kò mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí n gba ẹnu wọn náà mọ́ ẹsẹ̀ tó ti kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Tó bá wá, á gbé ẹ̀kọ kẹ́ńkè àti ẹja kalẹ̀ níwájú wọn, á sì dúró kí wọ́n kọ tiwọn tán.