Ọjọ́ Tí Palẹ̀mọ́ Tú Ẹrù Rẹ̀ Sílẹ̀

Palẹ̀mọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì rò ó. Ìyàwó bíríkìlà ni. Ilé tí ọkọ rẹ̀ bá ń kọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá ti fi ilẹ̀kùn sí i, wọ́n á tún di ẹrù wọn, ó di ibòmíràn. Ìlú wọn ti jìnnà sẹ́yìn. Wọ́n ti sùn nínú ilé tó ju ti ọ̀pọ̀ olówó lọ, àmọ́ kò sí èyí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sùn rí.

Òfin kan ṣoṣo ni kọngílá tó ń gbé iṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀ fún wọn: onílé ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé inú ilé òun. Nítorí náà, láràárọ̀, Palẹ̀mọ́ á ká ẹní sẹ́yìn pákó, á ki ìkòkò sínú àpò sìmẹ́ǹtì, á sì gbá ipa ẹsẹ̀ gbogbo wọn kúrò nínú iyanrìn. Ká sọ tòótọ́, olè tó ń fi olè jíjà jẹun ò lè palẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti ń kàwé, òun ń ka búlọ́ọ̀kù. Ilé ìwé ìjọba wà lẹ́yìnkùlé gan-an, wọ́n ń gbọ́ agogo rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn ò kọ ọmọ àlejò, ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ tó ń gbé ládùúgbò. Olùkọ́ kan á wá wo ibi tó ń sùn.

Olùkọ́ náà dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó wọ yàrá kan, ó jáde, ó wọ òmíràn. Iyanrìn àti pákó nìkan ló rí.

"Ẹ má bínú o, Ìyá," ó ní. "Mi ò rí ẹni tó ń gbé ibí."

"À ń gbé ibí o, Àǹtí."

"Níbo lẹ ń sùn sí? Níbo lẹ ti ń dáná? Wọ́n ti fi irú ẹ̀ tàn wá jẹ rí. Mi ò lè sọ ohun tí ojú mi ò rí."

Ó ti ń kọrí sọ́nà. Palẹ̀mọ́ rò ó wò. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ ò ní rí ilé ìwé wọ̀. Bó bá tú ẹrù sílẹ̀, tí onílé gbọ́, ìta ni wọ́n máa sùn. Ó wo ọmọ náà, tó ti ń fọ ẹsẹ̀ méjèèjì láràárọ̀ dúró de olùkọ́. Ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ dúró, Àǹtí mi, ẹ dúró!"

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó fa ẹní yọ, ó fa ìkòkò yọ. Ó gbé bárò tó dojú dé, báàgì aṣọ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Bàtà ọkọ rẹ̀ jáde látinú ihò búlọ́ọ̀kù, ṣíbí tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí yàrá fi kún. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí, ó fìdí lélẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù.

"Ìyá! Ta lẹ wá ń kó gbogbo èyí pamọ́ fún?"

Palẹ̀mọ́ ṣàlàyé fún un. Nọ́ńbà fóònù onílé wà lára ògiri níta, olùkọ́ sì pè é, bí Palẹ̀mọ́ tilẹ̀ ń ju ọwọ́ pé kó má pè é.

"Èèyàn ń gbé ibẹ̀?" Ohùn ọkùnrin náà ń jáde ketekete. "Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọn ò fi jí sìmẹ́ǹtì mi! Ilé mi kejì ńkọ́, wọ́n ti jí tibẹ̀ kó tán! Mo ti kọ́ yàrá ẹni tó máa ṣọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mi ò tíì rí ẹni fi síbẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má lọ o!"

Abéèrè kì í ṣìnà. Kọngílá ò béèrè lọ́wọ́ onílé rí, ó kàn ṣòfin tirẹ̀, ó sì mú gbogbo wọn ṣìnà. Palẹ̀mọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹrù rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí bínú sí kọngílá.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà máa kọ́kọ́ lọ sílé ìwé, ó wọ yunifọ́ọ̀mù tán nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì tí wọ́n ti kó sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ká ẹní gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Ibẹ̀ lo máa bá a tó o bá dé."

Nígbà tó lọ tán, Palẹ̀mọ́ gbé ìgbálẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ kékeré gba inú iyanrìn lọ tààrà sọ́nà ilé ìwé. Ó wò ó, ó sì dá ìgbálẹ̀ padà síbi tó ti mú un.