Ìbọ̀wọ́ Aró Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í fi ọwọ́ lásán kan aró. Àdìrẹ ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró ti jẹ wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú, ẹ mú un lọ fọ abọ́. Àwọn ewúrẹ́ wọn tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Adigbe, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí fún wọn. Wọ́n ní ọmọ ni, kì í ṣe aró.

Àṣà ilé wọn ni pé bí ewúrẹ́ bá ń rọbí tí aboyún sì wà nílé, aboyún yẹn ni yóò gba ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò bí tirẹ̀. Olùkọ́ ni mí, n kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n oyún mi àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ ní oṣù kẹrin, èyí tó wà nínú mi sì ti pé oṣù márùn-ún. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kì í yan àdúrà. Nígbà tí Ìyá pariwo ní àárọ̀ Sátidé kan pé, "Ìyàwó mi, jáde wá o, ewúrẹ́ ti ń rọbí," mo ká apá aṣọ mi sókè, mo lọ kúnlẹ̀.

Ọmọ méjì ló bí. Òkú ni méjèèjì, oṣù wọn kò tíì pé. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi gba ibi rẹ̀. Ìyá wò mí lójú, wọ́n sáré bu omi wá.

"Kò sí nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Orí ewúrẹ́ ló gbà á."

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ibà fi dé. Á lọ láàárọ̀, á padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òógùn, gbogbo oríkèé mi á sì máa ro mí. Mo lo oògùn ibà, kò gbọ́. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ l'Ékòó, Ìyá ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi wá bóyá a ń sin ẹran. Mo dákẹ́, nítorí n kò fẹ́ dójú ti ìyá àgbà.

"Èmi ni mo ní kó fọwọ́ gbà á," ni Ìyá wí. "Ewúrẹ́ mi ló sọ oyún nù."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì rí i. Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò àrùn kan wà tó ń mú oyún ẹran bàjẹ́, pé ó máa ń wà nínú ibi wọn àti wàrà tútù, pé ó lè wọ ara ènìyàn, ó sì lè ba oyún obìnrin jẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Oògùn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ fún mi. Ìyá kò bèèrè nípa oògùn.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, oyún rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ewúrẹ́ bí lọ́dún yẹn náà. Ìyàwó mi yìí náà ló fọwọ́ gbà á."

Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Dókítà ẹran wá, wọ́n kó àwọn ewúrẹ́ tó ní àrùn náà kúrò. Ìyá fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé èyí tó kù, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ débẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ewúrẹ́ náà ti di aró tí a kì í fọwọ́ lásán kàn. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ṣé ọmọ mira?"

"Ó mira, Ìyá."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń lọ jẹun. Mo fẹ́ràn wọn nígbà yẹn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, n kò bí wọ́ọ́rọ́wọ́. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi rọbí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbóhùn ìyá, wọ́n gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni.

Ìyá dé ilé ìwòsàn, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣàdúrà láti ibẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun ni wọ́n wọ̀ sọ́wọ́, ó gùn dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ wá gbé ọmọ yín, Ìyá."

"Mo ti fọ ọwọ́ yìí títí, ìyàwó mi. N kò fọkàn tán an mọ́ ni."

Mo ní kí wọ́n jókòó tì mí. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, mo sì gbé ọmọ lé ọwọ́ lásán wọn.