Àmín Kì í Ṣe Ìbò

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ eruku kúrò lára ewé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ ọmọ mi wọlé wá bá mi, ó ní òun ti di aṣojú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Mo ní, "Ta ló fi ọ́ jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rín pa á. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa pàdé ní ìlú Ọ̀yọ́. Wọ́n á ṣe bí aṣojú àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n á jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wọn, wọ́n á sì dìbò. Wọ́n ti pín orílẹ̀-èdè fún wọn bí ẹni pín ẹran iléyá.

"Ta ló gbé ọkọ̀ fún yín?"

"Màmá, Ọnọrébù kan ni. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀dọ́ gan-an ni."

"Ṣé ọdún tí ìbò ń bọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn wọn?"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú sí mi. N kò kàwé púpọ̀. Ata àti tòmátì ni mo ń tà ní Ọjà Igbó láti ìgbà ọmọge mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe alága obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wa rí, mo sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo wé gèlè mi, mo bá wọn wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà kún. Àwa òbí jókòó sẹ́yìn. Olúkúlùkù ọmọ ló gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí síwájú. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tímílẹ́yìn ni alága wọn, kóòtù tó wọ̀ fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ, òòlù igi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọnọrébù jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, ayàwòrán kan gbé kámẹ́rà dúró tì wọ́n.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ibodè wọn pa fún oúnjẹ tó bá ń ti ilẹ̀ mìíràn bọ̀. Olóòtú ètò sọ fún wa pé ohun tí ilé bá fẹnu kò sí, rédíò máa kà á lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́, Ọnọrébù á sì gbé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn.

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ tíṣà wọn tó jókòó tì mí. "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Eré ọmọdé ni."

"Eré ọmọdé kì í ní kámẹ́rà."

Ọ̀rọ̀ kan Mọ́rẹ́nikẹ́, ó dìde. Ó ní, "Alága, bí ẹ bá ti ibodè pa, ata ò ní dúró síbẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló máa gbà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà lójú ọ̀nà, orí ìyá tó ń tà á ló máa já lé, àti ẹni tó ń sè é. Ará Kétu tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ń sọ Yorùbá bí èmi ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká gba owó ibodè, ká má ti ilẹ̀kùn."

Ọmọkùnrin tó ń ṣojú Gáná fò dìde. "Ẹ dákun, ṣé orílẹ̀-èdè ni arábìnrin yìí ń ṣojú ni, àbí apẹ̀rẹ̀ tòmátì? Àgbẹ̀ tiwa ńkọ́? Ta ló máa ra tiwọn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Aṣojú Gáná, ẹ kọ́kọ́ nu ti àná kúrò ní kọ́là yín."

Àbàwọ́n ọbẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rín pa èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ní gbogbo ìgbà tí ọmọ mi fi ń sọ̀rọ̀, ayàwòrán ti jókòó, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí itan.

Nígbà tí ó kù kí wọ́n dìbò, Ọnọrébù dìde, ó ní òun fẹ́ fi àdúrà ti àwọn ọmọ lẹ́yìn. Gbogbo wọn dìde, wọ́n tẹrí ba.

"Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

"Àmín!"

"Ẹ ò ní kú ní kékeré."

"Àmín!"

"Àbá tó wà nílẹ̀ yìí á wọlé, á sì ṣe ilẹ̀ wa lóore."

"Àmín!"

Gbàù! Tímílẹ́yìn fi òòlù lu tábìlì. "Ilé ti fohùn sí i. Àbá ti wọlé." Pàtẹ́wọ́ dún. Kámẹ́rà dìde.

Mo mọ àmín yẹn. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yan ẹni tó máa du káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, àgbà kan ló ní ká pa ojú dé. Ó ṣàdúrà fún ìlú, ó ṣàdúrà fún ọmọ, ó wá ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká kábàámọ̀ lágbájá tí a mú yìí." A ṣe àmín. Bí a ṣe lajú, wọ́n ti gbé lágbájá sọ́rùn, wọ́n ń kọrin. Mo pariwo títí. Wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò ṣe àmín ni?" Mo ṣe é. Ta ni nínú wa tó lè dákẹ́ nígbà tí àgbà bá ń ṣàdúrà fún un?

Nígbà tí àwọn yòókù jókòó, Mọ́rẹ́nikẹ́ ò jókòó. "Alága, ẹ forí jì mí. A ò tíì dìbò."

"Aṣojú Bẹ̀nẹ̀, gbogbo ilé ló dáhùn. Ṣé ẹ̀yin ò ṣe àmín ni?"

"Mo ṣe é. Ọlọ́run ni mo ṣe é fún, n kò ṣe é fún àbá."

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa, ṣé o fẹ́ dá àdúrà mi padà ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀, páálí Bẹ̀nẹ̀ ṣì wà lókè orí rẹ̀. "Rárá, sà. Àdúrà yín ti gbà. Ìbò wa ni kò tíì wáyé."

Ẹni tó tún dìde, aṣojú Gáná ni, òun tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Èmi fara mọ́ àbá yìí o. Ṣùgbọ́n Gáná náà ò tíì dìbò." Ó gbé páálí rẹ̀ sókè. Tógò dìde, Màlì dìde. Àwọn tíṣà ń pariwo pé, "Ẹ jókòó!" Wọn ò jókòó. Èmi náà dìde lẹ́yìn, mo tún ìró mi ró, mo dúró.

Wọ́n padà dìbò. Wọ́n na páálí sókè, wọ́n kà á lójú gbogbo wa. Àbá náà wọlé, ó fi díẹ̀ wọlé. Gáná dìbò fún un bó ṣe wí. Mọ́rẹ́nikẹ́ pàdánù.

Níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀, Tímílẹ́yìn wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní tí àmín kẹta bá ti dún, kí n lu òòlù."

"Àwọn wo ló ń jẹ́ wọ́n?"

Ó wo ilẹ̀. N kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ọmọ tó jẹ́wọ́ ti ṣe tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a tan rédíò. Ó ní gbogbo ọ̀dọ́ pátá, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, ló pohùn pọ̀ pé kí wọ́n ti ibodè. Mọ́rẹ́nikẹ́ tí kò sunkún nígbà tó pàdánù, ó wá sunkún.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí wọ́n rí jẹ níbẹ̀, mo lè sọ ọ́. Wọ́n rí ìbò wọn gbà lọ́wọ́ àgbà, àwa ò rí tiwa gbà ní wọ́ọ̀dù. Àwọn tí kò fẹ́ àbá pàdánù, ìyẹn kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tí wọ́n fi ìbò tòótọ́ borí lè sùn. Gbèsè tó kù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí rédíò, pé àwọn kan sọ pé àwọn ò fẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ àti aṣojú Gáná ti lọ béèrè rẹ̀ ní ilé rédíò títí, "ẹ padà wá" ni wọ́n ń gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé wọn lọ. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò wá, ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Ọlọ́run á ṣe é."

Ó ń wo ẹnu wa. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wa. A wá bẹ́ǹṣì, a jókòó.