Hàntú Olóyin Tí Bàbá Mi Mu Láàárọ̀ Iṣẹ́ Abẹ

Ọjọ́ tó yẹ kí dókítà gé ìka ẹsẹ̀ kan fún Bàbá mi ni ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láyé. Ìwé kẹfà ni mo wà nígbà náà. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, wọ́ọ̀fù Àpápá sì ni Bàbá ti ń ru ẹrù. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò ìka náà kò sì jinná.

Dókítà ti kìlọ̀ pé Bàbá kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù abẹ ń bà wọ́n gan-an. Bí a ṣe ń múra, ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ alfa gbé ife hàntú wọlé: ọ̀rọ̀ Kùránì tí wọ́n kọ sára wàláà, tí wọ́n fi omi fọ̀, tí wọ́n sì po oyin mọ́.

Ìyá mi ní, "Dókítà ní kí wọ́n má jẹ nǹkan kan o."

Alfa dáhùn pé, "Ṣé oúnjẹ ni hàntú ni? Àdúrà ni!"

Ta ló tó kọ àdúrà ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bàbá mu ún tán, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì bojú jẹ́. Ṣúgà ti ga jù.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"N ò jẹ nǹkan kan."

Wọ́n dá wa padà sílé. Kí wọ́n tó tún pè wá, egbò ti ràn dé òkè, orúnkún ni dókítà ti gé ẹsẹ̀ náà.

Alfa sunkún bí ọmọdé. Títí wọ́n fi kú, wọn kò po oyin mọ́ hàntú ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í hù padà bí èékánná.