Àlùbọ́sà Àǹtí Mi

"Ilẹ̀ wo ló ti hù?" Ìbéèrè tí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, máa ń bi gbogbo oúnjẹ nìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti búra pé ohun tí wọ́n bá gbìn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan làwọn á máa jẹ. Ọkọ wọn ní wọn ò lè ṣe é. Iṣu Ìta-Ògbólú wọlé, búrẹ́dì jáde. Àlùbọ́sà nìkan ló kù, torí òkè Ọya ló ti ń wá, ọbẹ̀ ò sì dùn lẹ́nu wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo dé ilé wọn ní Ìjàpọ̀, òórùn àlùbọ́sà gba ilé kan.

"Àǹtí, ilẹ̀ wo lèyí ti hù?"

Wọ́n nawọ́ sí ike oníyẹ̀pẹ̀ kan lójú fèrèsé. "Níbẹ̀ yẹn. Mo rà á lọ́jà lánàá, mo gbìn ín, mo hú u láàárọ̀ yìí. Ó ti sùn nílẹ̀ Àkúrẹ́ mọ́jú. Ọmọ Àkúrẹ́ ni."